Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Ní Kò Tíì Dé

1.

…nítorí náà, kì í ṣe pé mò ń bínú.

Irọ́ ni. Mò ń bínú. Láti ọjọ́ Ajé tí lẹ́tà yẹn ti dé ni inú ti ń bí mi, mi ò sì rí ẹni tí mo lè kanra mọ́ ju ìkòkò ìdáná lọ.

Kasuba lorúkọ mi. Àádọ́rin ọdún ni mí. Luanshya ní Zambia ni mò ń gbé, nínú ilé tí iléeṣẹ́ ìwakùsà kọ́ fún bàbá wa. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má kọ “ìyá àgbà kan”.


2. LẸ́TÀ

Láti ọ̀dọ̀ Ìgbìmọ̀ Àwo Orin Àtijọ́, Lusaka.

Sí Ìyáàfin Lombe Sampa,

A dúpẹ́ fún àwo tí ẹ fi ránṣẹ́ fún àkójọ orin ọdún 1970 sí 1979. Ó dùn wá láti sọ fún yín pé a ti yọ orin “Mo Ń Gòkè Bọ̀” kúrò. Ọ̀gbẹ́ni Tillotson, onímọ̀ ohùn tó ń bá wa ṣiṣẹ́, ti gbọ́ ọ. Ó ní kò ṣeé ṣe kí wọ́n ti ṣe é ṣáájú 1988. Nítorí náà, ẹni tó kọ ọ́ kò lè jẹ́ bàbá yín, ẹni tó kú ní 1975. Bí a ó ṣe kọ ọ́ sínú ìwé wa nìyí:

Akọrin: a kò mọ̀ ọ́n.
Ọdún: bíi 1992.

A bá yín kẹ́dùn.

 

Wọ́n pa Sampa, àbúrò mi, bàbá Lombe, lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì bá wa kẹ́dùn.


3. OHÙN TÍ LOMBE FI RÁNṢẸ́ SÓRÍ FÓÒNÙ MI
(Mayosenge ló ń pè mí, arábìnrin bàbá ẹ̀.)

“Mayosenge, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ o. Ẹ gbọ́, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ó dá yín lójú pé òun ni? Ẹ mọ̀ pé mi ò rí i rí. Inú oyún ni mo wà tó fi kú. Fọ́tò kan ṣoṣo ló wà, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Orin yẹn nìkan ni mo ní. Nígbà tí mò ń rọbí, òun ni mo ní kí wọ́n tan fún mi. Nígbà tí ọkọ mi kó ẹrù ẹ̀ lọ, òun ni. Ibi tó ti pe orúkọ mi yẹn, Mayosenge. Bí kì í bá ṣe bàbá mi, ta wá ni ọkùnrin tó ti ń pè mí láti ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta? Ó dáa. Ẹ pè mí padà.”

Ìgbà méje ni mo tẹ́tí sí i. Mi ò pè é padà.


4. LÁTI INÚ ÌWÉ Ọ̀GBẸ́NI TILLOTSON, OJÚ EWÉ KEJÌ

(a) Ìlù náà kò mí. Ọwọ́ ènìyàn kì í lù báyìí. Ẹ̀rọ ló ń lù ú, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò sì tíì dé Zambia ní 1974.

(b) Ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn ju ohun tí gìtá ìgbà náà lè mú jáde lọ.

(d) Gbohùngbohùn rẹ̀ pọ̀ jù. Kò sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ kankan ní Copperbelt, agbègbè ìwakùsà yín, nígbà náà tó ní irú yàrá bẹ́ẹ̀.

(e) Nínú ẹsẹ kẹta, ohùn akọrin ń wọ́, ó ń yọ̀. Wọ́n ti fi nǹkan yí i padà. Ó dá mi lójú pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni.

 

Ó dá a lójú. Ẹ wo ọkùnrin tí nǹkan dá lójú.


4½. OHUN TÍ ÀWỌN ÈNÌYÀN KỌ SÍSÀLẸ̀ ORIN NÁÀ LÓRÍ FÓÒNÙ

— Mo ti ń jó orin yìí láti kékeré. Mo rò pé tàwọn ọmọ Joburg ni.

— Tó bá jẹ́ 1974 ni wọ́n ṣe é, èmi náà ni mo fi ṣíbí gbẹ́ kòtò Luanshya.

— Ẹbí ẹ̀ kàn ń wá òkìkí ni.

Òkìkí. Mo ní ẹsẹ̀ wíwú, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo ní adìyẹ mẹ́rin. Òkìkí ló kù.


5. ÌDÁHÙN MI

(a) Ẹ̀rọ ni. Ta ló sọ fún un pé ènìyàn ni? Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú kòtò ìwakùsà ni, ẹ̀yìn ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ló wà. Gbì-ki, gbì-ki, tọ̀sán tòru. Gbogbo ọmọ Luanshya ló fi ń sùn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ka ìkìlọ̀ ààbò sórí téèpù ní èdè Bemba: ẹ dé akoto yín, ẹ má fi iná sílẹ̀. Mo na maikirofóònù jáde lójú fèrèsé. Mo fi abẹ gé téèpù náà, gígùn apá mi kan, mo lẹ orí ẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, mo fi kọ́ ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kó lè máa yí po láìdúró. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi lù láìmí. Ẹ̀dọ̀fóró wo ni yóò fi mí?

(b) Ìyá wa ló ń gún àgbàdo lẹ́yìnkùlé. Mo gba ìró odó ẹ̀ sílẹ̀, mo wá jẹ́ kí ẹ̀rọ máa rìn ní ìdajì eré ẹ̀. Odó ìyá mi ni onímọ̀ ń fi wé gìtá.

(d) Balùwẹ̀ àwọn awakùsà. Sìmẹ́ǹtì láti ilẹ̀ dé àjà. Ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ló ń wẹ̀ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, kì í sí ẹnì kankan. Ìsàlẹ̀ páìpù kejìdínlógún ni Sampa dúró sí. Mo kà wọ́n.

(e) Màá dáhùn èyí lọ́la.


6. Ọ̀RỌ̀ ORÍ FÓÒNÙ
(Lombe ló bá wa so ó pọ̀, òun náà ló gbà á sílẹ̀.)

TILLOTSON: Mo gbọ́ pé ẹ mọ nǹkan nípa àwo yìí, mà.

KASUBA: Èmi ni mo ṣe é.

TILLOTSON: Ẹ fẹ́ sọ pé ẹ wà níbẹ̀.

KASUBA: Mo ní èmi ni mo ṣe é.

TILLOTSON: Ó dáa. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà láyé?

KASUBA: Ó wà láyé. Òun lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

TILLOTSON: Ẹ má bínú, mà, bóyá ọ̀rọ̀ mi ò yé yín. Ọkùnrin tó ń gé téèpù ni mò ń béèrè.

KASUBA: Ìwọ, ṣé obìnrin ló bí ẹ, àbí ọkùnrin tó ń gé téèpù?

LOMBE: Mayosenge.

KASUBA: Kó dáhùn.

TILLOTSON: Mi ò ní in lọ́kàn láti rí yín fín. Mà, ẹ̀rí ni mo fẹ́. Téèpù àkọ́kọ́, èyí tí ẹ gba gbogbo nǹkan sí kí ẹ tó pò wọ́n pọ̀. Bí mo bá gbọ́ ìlù lọ́tọ̀, tí mo gbọ́ ohùn lọ́tọ̀, tí ọjọ́ sì wà lára páálí ẹ̀, màá yí ọ̀rọ̀ mi padà lójú gbogbo ayé.



KASUBA: Ó ti sọnù.


7.

Mo ya eléyìí.


8.

Kò sọnù. Inú àpótí lábẹ́ ibùsùn mi ló wà. Mo fi aṣọ chitenge wé e, mo kó búláńkẹ́ẹ̀tì lé e.


9. SAMPA
(Òun ló ń sọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Ó tọ́jọ́ mẹ́ta.)

Orí ẹ̀gbọ́n mi ti dàrú. Ó kó mi wá sí balùwẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ó ní kí n bọ́ bàtà, ó ń dún jù. Mo ní, Kasuba, tí àwọn ọ̀gá bá ká wa mọ́bí ńkọ́? Ó ní, sọ fún wọn pé ò ń wẹ̀. Mo ní ìwọ ńkọ́? Ó ní òun ń fọ̀ ẹ́ lẹ́yìn.

Mo kọ ẹsẹ kìíní. Mo kọ ẹsẹ kejì. Ohùn mi lọ, ó bọ̀, ó tóbi ju èmi gan-an lọ. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn.

Ó ní ẹsẹ kẹta ńkọ́? Mo ní èyí ti ọmọ ni. Oyún ìyàwó mi kò ju oṣù méjì lọ. Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ fún un. Ẹni tí kò tíì lórúkọ, kí ni èèyàn ń pè é?

Mo ní tí mo bá ti mọ̀ ọ́n, màá kọ ọ́. Lọ́jọ́ yẹn, tí mo bá ti gòkè láyè láti inú kòtò, màá wá kọ ọ́.


10. ÌKÉDE
11 February 1975

Àpáta ya lu òṣìṣẹ́ mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ láàárọ̀ yìí. A ti sọ fún àwọn ẹbí wọn. Iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ. A rán gbogbo òṣìṣẹ́ létí pé kí wọ́n máa dé akoto wọn.

 

Ta ni wọ́n ní kó kà á sórí téèpù ní èdè Bemba? Èmi. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ. Wọ́n tan án fún gbogbo àdúgbò lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìyá mi sì ń gbọ́ ọ pẹ̀lú ohùn mi.

Mi ò tíì dárí jì wọ́n. Ẹ má sọ fún mi pé ó ti pẹ́.


11.

Wọ́n kó bàtà Sampa wá fún wa. Bàtà ẹlòmíràn ni.


12. LẸ́NU GÉÉTÌ MI, LỌ́SÀN-ÁN ỌJỌ́RÚ
(Bana Kapya ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́rùn-ún ọdún. Òun ló gbẹ̀bí Lombe.)

BANA KAPYA: Mo gbọ́ pé òyìnbó kan ní orin Sampa kì í ṣe ti Sampa.

KASUBA: Òyìnbó ò mọ nǹkan kan.

BANA KAPYA: Kò mọ̀ lóòótọ́. Èmi mọ̀.

KASUBA: Kí lẹ mọ̀?

BANA KAPYA: Ọjọ́ mẹ́fà ni ọmọ yẹn fi sunkún. À ń wá orúkọ ìwọ́ ẹ̀: a pe Mwila, kò dákẹ́. A pe Chisha, kò dákẹ́. A pe gbogbo òkú ilé bàbá ẹ̀ tán ká tó bọ́ sílé ìyá ẹ̀. Ìgbà tí mo pe Lombe, ó gbẹ́nu dákẹ́, ìwọ́ ẹ̀ sì já lọ́jọ́ kejì. Kasuba, ta ló ń mọ orúkọ ìwọ́ kí ọmọ tó dé?

KASUBA: Sampa lá àlá.

BANA KAPYA: Sampa yìí náà? Ẹni tó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta? Àlá wo ló ráyè lá?

KASUBA: Ẹ jókòó, Bana Kapya.

BANA KAPYA: Mi ò jókòó. Ó kú lóṣù Kejì. Ọmọ dé lóṣù Karùn-ún. Gbogbo ìgbà tí rédíò bá ń kọ orin yẹn, mo máa ń dín in kù tó bá kan ẹsẹ kẹta. Mi ò lè máa gbọ́ kí òkú máa pe orúkọ tí èmi fúnra mi fi ẹnu ara mi wá.

KASUBA: Kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́ láti ìgbà yìí?

BANA KAPYA: Ta ló bi mí? Bù fún mi nínú ẹja kapenta yẹn. Má bù ú bí ẹni ń bù fún àlejò.


7. (mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà)

Oṣù Keje, 1975. Lombe ò tíì pé oṣù méjì. Àwọn tó ń tẹ àwo ní orin náà kúrú, wọ́n ní ẹsẹ kan ló kù.

Èmi nìkan ni mo lọ sínú balùwẹ̀ yẹn. Mo gbé ẹ̀rọ sórí àga, téèpù Sampa wà lórí ẹ̀. Mo dúró síbi tó dúró sí. Mo fi ohùn ara mi kọ ọ́, mo kọ ọ́ kíákíá:

        Lombe, má sunkún mọ́,
        ilẹ̀ ti jọ̀wọ́ mi,
        mo ń gòkè bọ̀.

Lẹ́yìn náà, mo dà á kọ láti orí ẹ̀rọ kan sórí èkejì. Mo fi àtàǹpàkò tẹ kẹ̀kẹ́ téèpù bó ṣe ń yí, kó lè falẹ̀, kí ohùn mi lè wálẹ̀, kó di ti ọkùnrin. Kó di ti Sampa. Ọmọ ìyá kan ni wá, kò ṣòro púpọ̀. Mo ń tẹ ẹ́, mo ń tú u sílẹ̀.

Ohun tó ń wọ́ nínú ẹsẹ kẹta nìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Tillotson. Ìdáhùn (e) nìyẹn. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Àtàǹpàkò mi ni. Nínú gbogbo ohun tí o sọ, ibi kan ṣoṣo tí o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á nìyẹn, ibẹ̀ ni mo sì kórìíra ẹ sí jù.

Mi ò ṣe é láti tan ẹnikẹ́ni jẹ.

Irọ́ ni. Mo ṣe é láti tan ọmọ náà jẹ.

Mo fi ìbínú ṣe é. Mo bínú sí kòtò. Mo bínú sí ẹni tó kọ “iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ”. Mo bínú sí Sampa pàápàá, tó ní òun á gòkè tí kò gòkè. Ọmọ dé, wọ́n ti rí orúkọ ẹ̀, bàbá tó yẹ kó fi orúkọ yẹn pè é ò sí. Mo wá pè é.

Mayosenge ni arábìnrin bàbá. Nílé wa, bàbá ni òun náà, ìró ló kàn ró. Tí bàbá ò bá sí, òun ló ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ bíi bàbá. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé irọ́ wá ni ohun tí mo ṣe? Ẹ sọ fún mi.

Ẹ má sọ fún mi.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Lombe nígbà tó bi mí pé báwo ni bàbá òun ṣe mọ orúkọ òun. Èmi ni mo ní ó lá àlá. Ìyẹn ni irọ́ gidi. Orin ò ṣe nǹkan kan.


13. OHÙN TÍ LOMBE FI RÁNṢẸ́

“Mayosenge. Mo wá sílé yín lánàá nígbà tẹ́ ẹ lọ sí ìpàdé ìjọ. Búláńkẹ́ẹ̀tì ni mò ń wá. Mo rí páálí téèpù yẹn. October 1974, ọwọ́ yín ló kọ ọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ ní ó ti sọnù? Ó dáa, àgbà máa ń gbàgbé, mi ò bínú. Mo ti pe ìgbìmọ̀. Tillotson wà ní Lusaka títí di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sì ní irú ẹ̀rọ tó lè tan án. Ọjọ́bọ̀ là ń lọ. Mayosenge, mi ò rẹ́rìn-ín báyìí rí láti ọjọ́ tí lẹ́tà yẹn ti dé. Bàbá mi máa lọ dá wọn lóhùn fúnra ẹ̀.”


14. OHUN TÍ MO LÈ ṢE

Kí n ṣàìsàn.

Kí n gé ẹsẹ kẹta kúrò lórí téèpù. (Mo mú abẹ. Mo rí ibi tó yẹ kí n gé. Onímọ̀ yóò rí ojú abẹ, yóò ní, ẹ ò rí i, ayédèrú ni gbogbo ẹ̀.)

Kí n sọ fún un nínú bọ́ọ̀sì. Wákàtí márùn-ún ni Luanshya sí Lusaka. (Mo sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀wà. Mo sọ̀rọ̀ nípa orúnkún mi. Ó gbórí lé mi léjìká, ó sùn.)

 

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé gbogbo èèyàn. Àwo ló ní ohùn mi tí mo fi àtàǹpàkò mú wálẹ̀. Téèpù àkọ́kọ́ ní ohùn mi bó ṣe rí gan-an, ohùn obìnrin, gbangba.

Tí mi ò bá tan án, wọn á kọ “a kò mọ̀ ọ́n”, Lombe á sì pàdánù bàbá ẹ̀ nínú gbogbo orin náà.

Tí mo bá tan án, á rí i gbà padà nínú ẹsẹ méjì. Ẹsẹ tó fi bímọ, ẹsẹ tó fi borí ọkọ tó lọ, bàbá ẹ̀ ò sí níbẹ̀.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ, kó bọ́ síwájú.


15. LUSAKA, Ọ́FÍÌSÌ ÌGBÌMỌ̀, AAGO MẸ́WÀÁ ÀÁRỌ̀ ỌJỌ́BỌ̀
(Akọ̀wé ló kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀dà tèmi nìyí.)

ALÁGA: Ta ni kó bá wa fi téèpù náà sórí ẹ̀rọ?

TILLOTSON: Èmi á—

KASUBA: Má fọwọ́ kàn án.

(Ó fi í síbẹ̀ fúnra ẹ̀. Ìlù: gbì-ki, gbì-ki.)

TILLOTSON: Ẹ̀rọ wo lèyí?

KASUBA: Èyí tí ẹ ní kò tíì dé.

(Ìró odó. Lẹ́yìn náà, ohùn ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní: “Kasuba, omi ń kán sí mi lórí.” Ẹsẹ kìíní. Ẹsẹ kejì.)

LOMBE: Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe ń rẹ́rìn-ín nìyẹn.

(Kasuba dá ẹ̀rọ dúró.)

TILLOTSON: Mà, mo ṣì í. Ọdún 1974 ni. Mi ò gbọ́ irú èyí rí láyé mi. Ẹ̀yin lẹ ṣe é, àti pé… ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí.

KASUBA: Kọ ọ́ sílẹ̀. Má sọ ọ́ lẹ́nu. Kọ Sampa. Kọ 1974. Kọ orúkọ ẹni tó gé téèpù.

TILLOTSON: Mò ń kọ ọ́.

ALÁGA: Ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. A dá orin náà padà sínú àkójọ. Ẹ kú iṣẹ́, mà.

KASUBA: Ó dáa. Lombe, mú báàgì mi. Bọ́ọ̀sì á ti fẹ́ lọ.

LOMBE: Ẹsẹ kẹta ńkọ́?

KASUBA: Wọ́n ti gbà, ọmọ mi. Wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀.

LOMBE: Kì í ṣe torí tiwọn. Mo fẹ́ gbọ́ ọ láìsí ìlù. Òun nìkan.

KASUBA: Téèpù ti gbó. Á já.

TILLOTSON: Kò ní já, mà. Ó dáa gan-an.

KASUBA: Ta ló bá ẹ sọ̀rọ̀?

(Kasuba fi ọwọ́ bo bọ́tìnì ẹ̀rọ. Lombe dìde lórí àga ẹ̀, ó wá dúró ti ẹ̀rọ.)

LOMBE: Ibi tó ti pè mí ló kù. Ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, Mayosenge.